Ta Ló Fọwọ́ Kan Òdòdó Ìyá Lois?

Kí n tètè jẹ́wọ́ kí àwọn ará Ìgbéìn tó bá mi jẹ́wọ́: èmi Asiata, aláró Ìtòkú, ìyá àgbà ọlọ́mọ-ọmọ mọ́kànlá, ẹni tí eyín ẹnu rẹ̀ kò pé ogún mọ́, èmi ni mo kọ́kọ́ nàka sí Tóyìn. Bí mo ti nàka tán ni mo fa fóònù yọ nínú kọ́mú mi, mo nà án sí Lois, mo ní kó pe ọlọ́pàá kíá. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe fọwọ́ lé ìdí lọ́jọ́ náà, ẹ ó rò pé èmi ni ọ̀gá gbogbo ọlọ́pàá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Òmùgọ̀ gbáà ni mí. Mo ṣì tún hu ìwà òmùgọ̀ mìíràn tó ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, ẹ jẹ́ kí n rọra dé ibẹ̀.

Àárọ̀ Sátidé kan ni, nínú oṣù Èrèlé, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀. Bàbá Lois, Tísà àgbà Theophilus Ọlánípẹ̀kun tí gbogbo wa mọ̀ ní Ìgbéìn, ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ojú òsì rẹ̀ ti lọ tipẹ́, ti ọ̀tún kò rí ju òjìji lọ. Láràárọ̀, bó bá ti gbàdúrà tán, á fi ọ̀pá wá ọ̀nà dé ọ̀ọ̀dẹ̀ iwájú ilé, á jókòó ti òdòdó tí ìyàwó rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, á máa fi ìka kà á. Kakitọ́ọ̀sì ni àwọn alákọ̀wé ń pè é. Èmi ń pè é ní Òdòdó Ìyá Lois. Igi tútù ni, ó lẹ́gùn-ún, kò léwé, ara rẹ̀ ní orígun mẹ́rin bí ẹsẹ̀ tábìlì, apá rẹ̀ sì jẹ́ méje. Bí Ọdún Àjíǹde bá ti kù díẹ̀, á tan òdòdó pupa tó tóbi bí àwo ọbẹ̀. Ọdún márùn-dínlọ́gọ́ta ni mo fi rẹ aṣọ, n kò rí irú pupa bẹ́ẹ̀ rẹ rí.

Ó ti di ọdún márùn-ún tí Ìyá Lois ti kú. Láti ìgbà náà, gbólóhùn kan ni Bàbá ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá jókòó tì í: "Ọdún tí òdòdó yìí kò bá tan, Priscilla ló ránṣẹ́ pè mí. Ẹ má wulẹ̀ gbé mi lọ sí ọsibítù." Á rẹ́rìn-ín bó bá sọ ọ́. Àwa tí a mọ̀ ọ́n kì í bá a rẹ́rìn-ín.

Ní Sátidé tí mo ń wí yìí, ìka Bàbá kan nǹkan róńdó kan lórí apá kẹta. Ó rò pé ìrudi òdòdó ni. Ó fi èékánná ha á díẹ̀ láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni, ó sì rí i pé ó tutù. Omijé ayọ̀ bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan náà nù ún. Igbe tó tẹ̀ lé e bá mi lẹ́nu géètì, èmi tí mo gbé àkàrà gbígbóná lọ́wọ́. Kí n tó dé ọ̀ọ̀dẹ̀, ojú Bàbá ti wú bí àkàrà tí mo gbé.

Èèyàn méjì ló wà nílé pẹ̀lú rẹ̀. Lois, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ti wá láti Èkó lálẹ́ Fúráìdé láti lo òpin ọ̀sẹ̀. Ẹnì kejì ni Tóyìn, ọmọbìnrin Òṣíẹ̀lẹ̀ tó ti ń tọ́jú Bàbá láti ọdún méjì. Ọmọ náà fẹ́ ṣe ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nínú oṣù Karùn-ún. Òun a máa kàwé sókè, Bàbá a máa ṣàlàyé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn lójoojúmọ́, bí tísà àti akẹ́kọ̀ọ́ láyé àtijọ́. Lois ń sáré káàkiri, ó ń pe Jésù. Tóyìn ló gbé omi tútù, tó ń dà á sí ojú náà láìdúró títí a fi gbé Bàbá dé ọ̀dọ̀ dókítà ojú. Dókítà ní ojú náà kò fọ́, nǹkan olóró ni ó kàn án, ó sì fi aṣọ funfun dì í.

A padà délé, Lois bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ta ló da oró sára òdòdó màmá òun. Mo wo Tóyìn. Kò sunkún. Kò sún mọ́ ìkòkò òdòdó náà. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo tún rántí pé ní oṣù tó kọjá mo pàdé rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi gèlè bo nǹkan kan nínú ọ̀rá, ó kí mi ní ìkíni ẹni tó fẹ́ kí n tètè kọjá. Ọpọlọ mi sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ẹ wo ojú ọmọ yìí," ni mo wí. "Òun ni."

Ohun tí mo ṣe nìyẹn o.

Ọlọ́pàá tó wá, Sajẹ́ńtì Ọládọ̀tun, kò lè ju ọmọ ọgbọ̀n ọdún lọ. Bàtà rẹ̀ ń dán ju ìkòkò ọbẹ̀ mi lọ. Ó yí òdòdó náà po, ó fi bírò rẹ̀ ha etí ìkòkò, nǹkan funfun kan bí iyọ̀ bá ń já bọ́. Ó ní ásíìdì tó gbẹ ni. Ó wọ yàrá Tóyìn, kò pẹ́ ó jáde pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí oje kan gbẹ mọ́ lára. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

Ó bi Tóyìn pé ta ló ni ín. Tóyìn ní òun ni. Ó bi í pé kí ló fi ṣe. Tóyìn dákẹ́. Ó bi í lẹ́ẹ̀mejì sí i, ó tún dákẹ́. Lois ní kí ó máa mú un lọ, pé òun kò fẹ́ rí i mọ́ nínú ilé bàbá òun, pé òun á sì rí i dájú pé kò sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan tí yóò gba ẹni tó fi oró sí àgbàlagbà lójú.  

Ìbọ̀wọ́ náà ló kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú. Gbogbo Ìtòkú ló mọ̀ pé bí aṣọ bá sọnù lórí okùn, èmi ni wọ́n ń pè kí wọ́n tó pe ọlọ́pàá, nítorí mo mọ ọwọ́ aláró kọ̀ọ̀kan lára aṣọ bí ìyá ṣe mọ ẹkún ọmọ rẹ̀. Mo gba ìbọ̀wọ́ náà lọ́wọ́ Sajẹ́ńtì, mo nà án síbi ìmọ́lẹ̀. Mo ti fi sóódà olóró rẹ aṣọ fún ogójì ọdún ó lé. Sóódà a máa jóni bí ásíìdì, àmọ́ kì í lẹ̀. Èyí lẹ̀ bí gọ́ọ̀mù.

Mo bá wá igi kékeré kan, mo fi gún apá òdòdó náà. Oje funfun ṣàn jáde, funfun bíi wàrà.

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sílẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mo ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ padà, mo wà lóko ìrẹsì bàbá mi ní Ọ̀fàdà, níbi tí wọ́n fi igi oró agogo ṣọgbà kí ewúrẹ́ má baà wọlé. Ìyá wa a máa lu wá bí a bá sún mọ́ ọgbà náà. Lọ́jọ́ kan ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣẹ́ ẹ̀ka kan fi ṣe idà, oje rẹ̀ ta sí i lójú, odindi ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ń fà á lọ́wọ́ kiri bí afọ́jú. Igi oró náà ní ẹ̀gún, kò léwé púpọ̀, ara rẹ̀ ní orígun. Bí o bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kakitọ́ọ̀sì, ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó kò ní mọ ìyàtọ̀.

Òdòdó Ìyá Lois kì í sun wàrà. Nígbà tí ewúrẹ́ mi gé apá rẹ̀ kan jẹ lọ́jọ́sí, tí Priscilla fi lé èmi àti ewúrẹ́ jáde pọ̀, omi lásán ló sun lójú egbò náà.

Mo ní, "Sajẹ́ńtì, kò sẹ́ni tó da nǹkan kan sára òdòdó yìí. Igi oró ni. Wọ́n ti gbé òdòdó Ìyá Lois lọ, wọ́n gbé èyí rọ́pò."

Ó wò mí. Lois wò mí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí nínú ìbànújẹ́ mi, nítorí n kò mọ iye ìgbà tí mo ti wá sílé yìí, tí mo ń kí igi oró pé ẹ kú ìjókòó.

Sajẹ́ńtì ní kò sí wàhálà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní oró, ó ti di olè. Lois náà bá rántí ọkùnrin kan, Ṣéhù, tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì ní Kọ́bapẹ́. Ó ti wá lẹ́ẹ̀mejì láti bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí òun gé nínú kakitọ́ọ̀sì náà, Bàbá sì fi ọ̀pá lé e. Sajẹ́ńtì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní òun á mú Tóyìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ná, òun á wá lọ mú Ṣéhù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ó ní iṣẹ́ ìjọba kì í ṣe báyìí. Mo tú àkàrà síwájú rẹ̀. Ó jókòó.

*

Màrúwá tó gbé mi lọ sí Kọ́bapẹ́ ń mì mí bí ẹni ń ku èlùbọ́, gbogbo ọ̀nà sì ni mo fi ń ro ọ̀rọ̀ Priscilla.

Ọdún 1979 ló mú òdòdó náà bọ̀ láti Jọ́ọ̀sì, níbi tí ìjọba rán àwọn olùkọ́ lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ó fi ìwé ìròyìn wé e nínú báàgì. Ìtòkú ló gbà kọjá kó tó délé ọkọ rẹ̀, ó ní kí n wá wo nǹkan. Mo wò ó, mo bi í ṣé ìgbẹ́ ewúrẹ́ Jọ́ọ̀sì ni. A rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wa. Oníbàárà mi ni tẹ́lẹ̀, ó máa ń ra àdìrẹ lọ́wọ́ mi fún àwọn tísà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ yẹn, ọ̀rẹ́ ni wá. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, a sì ń pàdé lórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, a ń jẹ ẹ̀pà, a ń sọ ọ̀rọ̀ ọkọ wa láìdára.

Bó bá ń tọ́jú òdòdó yẹn, ẹ ó rò pé ọmọ ni. Ó lu ihò mẹ́ta sí ìdí ìkòkò, ó kó àpáàdì sí i kí omi lè máa jò dànù, ó po yanrìn odò mọ́ yẹ̀pẹ̀. Oòrùn àárọ̀ nìkan ló fẹ́, ti ọ̀sán á jó o. "Asiata, fi ìka rẹ bọ yẹ̀pẹ̀ yẹn. Bó bá tutù, fi í sílẹ̀. Bó bá gbẹ, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta sí i." Nígbà ọyẹ́, kò ní fún un ní omi rárá, láti oṣù Bélú títí oṣù Èrèlé fi parí. Ó ní ebi yẹn ló ń mú un ronú òdòdó. Mo ní ìyà lásán ló fi ń jẹ igi ẹlẹ́gùn-ún ẹni ẹlẹ́ni. Bí mo ṣe máa ń dá a lóhùn nìyẹn. N kò fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ sọ́kàn rí, ẹnu rẹ̀ ni mo ń wò.

*

Ṣéhù ń bu omi rin òdòdó rẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó rò pé oníbàárà ni mo jẹ́, ó kúnlẹ̀ kí mi. Mo ní kó dìde, ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni. Ó tún kúnlẹ̀ padà.

Mo bi í ìgbà tó dé Ìgbéìn kẹ́yìn. Ó ní ṣáájú Kérésì, ọjọ́ tí Bàbá fi ọ̀pá bà á léjìká. Ó fi ibẹ̀ hàn mí. Mo fún un ní ẹ̀ka igi tí mo gé sínú ọ̀rá, mo ní ṣé ohun tó ń wá nìyí. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n tú u tán. Ó fà sẹ́yìn.

"Màmá, ẹ má fọwọ́ yẹn kan ojú yín o. Oró agogo ni. Ta ló tà á fún yín?"

Olè tó jí kakitọ́ọ̀sì gbé, tó sì fi oró rọ́pò rẹ̀, kò ní bẹ̀rù pé kí n fọwọ́ kan ojú mi. Mo mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé kì í ṣe Ṣéhù. Ṣùgbọ́n mo ṣì dúró, nítorí ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ń rántí nǹkan kan. Mo bi í bóyá ẹnikẹ́ni ti bi í nípa irú òdòdó yẹn lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Ṣẹ́rẹ́, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá. Kò ra nǹkan kan. Ó ní kakitọ́ọ̀sì kan ń jẹrà láti ìdí, ó ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù, báwo ni òun ṣe lè gbà á là. Ṣéhù ní òun sọ fún un pé ìdí ti lọ nìyẹn, kò sí àtúnṣe. Kó gé ibi tí ó ṣì le lókè, kó tẹ́ ẹ síbi tí oòrùn kò dé títí ojú egbò á fi gbẹ, kó tó gbìn ín sínú yanrìn gbígbẹ, kó má sì fún un lómi títí á fi ta gbòǹgbò.

"Ó ń sunkún, Màmá. Mo ní ṣé nítorí igi ni. Ó ní kì í ṣe nítorí igi."

*

Nínú Màrúwá tí mo bá padà, mo tò ó lórí ìka. Olè a máa gbé nǹkan sá lọ, kì í dúró wá arọ́pò fún ẹni tó jà lólè. Ẹni tó fẹ́ fi oró pa Bàbá kò ní máa da omi sí i lójú. Ẹni tó gbé igi oró yìí wá yan èyí tó ní apá méje. Bẹ́ẹ̀, ta ló mọ̀ pé méje ni Bàbá máa ń kà láràárọ̀? Ẹni tó ń jí lójú rẹ̀ ni. Ìdí kan ṣoṣo ló wà tí èèyàn fi lè ṣe gbogbo wàhálà yẹn: kí ọkùnrin arúgbó kan má baà mọ̀ pé òdòdó ìyàwó òun ti kú. Nítorí Bàbá ti sọ ohun tí òun yóò ṣe bí òdòdó náà kò bá tan mọ́.

Ẹni tí mo nàka sí ni. Òótọ́ ni pé òun ló ṣe é. Mo jàre, mo sì jẹ̀bi, nínú ọ̀rọ̀ kan náà.

Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ nígbà tí mo dé. Sajẹ́ńtì ti sùn lórí àga, àkàrà ti tán. Tóyìn jókòó sí ilé ìdáná, ó di ọwọ́ mọ́ orúnkún. N kò bi í ní nǹkan kan. Mo wo àyíká fún ibi tí oòrùn kò dé tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ sí, mo na ọwọ́ sórí àjà tí wọ́n ń gbé igi ìdáná sí. Atẹ kan wà níbẹ̀, ìwé ìròyìn bò ó. Ẹ̀ka kakitọ́ọ̀sì mẹ́rin tò sínú rẹ̀, ojú egbò wọn ti gbẹ, ó le bí èékánná. Ìkòkò kékeré mẹ́ta tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ó ti gbin àwọn mìíràn sí, méjì nínú wọn ti jẹrà.

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Bó ṣe rí i pé ìdí òdòdó ń rọ̀. Bó ṣe lọ sí Òṣíẹ̀lẹ̀, tó gé igi oró lẹ́yìn oko ìyá rẹ̀ àgbà, tó fi ìbọ̀wọ́ gbìn ín. Ó rò pé Bàbá máa ń fọwọ́ kàn án lásán ni. Kò mọ̀ pé yóò fi èékánná ha á. Láti ìgbà náà ó ń gbìyànjú kí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka yìí lè mú, kó tó sọ òótọ́. Ó fẹ́ gbé nǹkan tó wà láàyè síwájú Bàbá nígbà tó bá ń sọ ọ́.

Mo ní kí ló wá dé tí kò sọ èyí fún Sajẹ́ńtì. Ó ní bóun bá sọ ọ́, Bàbá á gbọ́ pé òdòdó ti kú. Mo ní ìyẹn nìkan kọ́. 

"Kí ló pa òdòdó náà, Tóyìn?"

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní òun kò mọ̀. Ọmọ yẹn kò mọ irọ́ pa rárá.

Mo jáde lọ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, mo ha nǹkan funfun tó gbẹ mọ́ etí ìkòkò, èyí tí Sajẹ́ńtì pè ní ásíìdì. Mo gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ṣe ohun tí aláró kankan kì í rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó ṣe. Omi tí a fi eérú sẹ́ ni aró ń mu kó tó jí, kó tó lè mú aṣọ, àwa aláró kì í sì fi ẹ̀rọ wọn agbára rẹ̀. Ahọ́n la fi ń tọ́ ọ wò. Mo fi ahọ́n kan nǹkan funfun náà.

Omi eérú ni. Ó sì mú ahọ́n bó ṣe máa ń mú un bó bá ti inú ìkòkò ìdílé kan ṣoṣo wá ní gbogbo Ìtòkú, nítorí igi obì nìkan ni a ń sun fún eérú wa. Ìdílé mi ni.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tí ojú ti ń tì mí la dé yìí. Nínú ọyẹ́ tó kọjá, mo wo òdòdó ọ̀rẹ́ mi, ara rẹ̀ hunjọ, àánú rẹ̀ ṣe mí. Mo rántí bí eérú ṣe ń mú tẹ̀tẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi sanra. Gbogbo Fúráìdé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, mo ń gbé ìṣẹ́kù omi eérú nínú kẹ́ẹ̀gì kékeré wá, mo ń bù ú fún un mu, mo sì ń sọ fún un pé kó má ṣe sọ fún Bàbá. Mo ń rò pé mo ń bọ́ ọ. Tóyìn rí mi. Ó rí mi ní gbogbo Fúráìdé, ojú tì í láti bá àgbà wí. Nígbà tí mo wá dìde lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, tí mo fọwọ́ lé ìdí, tí mo nàka sí i níwájú ọlọ́pàá, gbólóhùn kan péré ni ì bá fi dá ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ ọ́.

*

Aago mẹ́rin lù. Gbogbo wa wà lọ́ọ̀ọ̀dẹ̀: Bàbá lórí àga rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun lójú, Lois lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Sajẹ́ńtì pẹ̀lú ìwé rẹ̀, Tóyìn lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Mo kúnlẹ̀. Orúnkún mi dún bí igi gbígbẹ, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, èmi náà kò lè rẹ́rìn-ín. Mo ro gbogbo rẹ̀ láti orí kẹ́ẹ̀gì dé orí ìbọ̀wọ́. N kò fi nǹkan kan pa mọ́, àní mo sọ nípa ìgbà tí mo ń kí igi oró.

Nígbà tí mo dé ibi tí mo ti ní òdòdó náà ti kú, Lois di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.  Sajẹ́ńtì dá bírò dúró. 

Bàbá na ọwọ́ síwájú. "Gbé e wá."

Tóyìn wá, ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ́ ẹ̀ka kan sí i lọ́wọ́. Bàbá fi àtàǹpàkò tọ orígun rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ka mẹ́rin. Ó kan ojú egbò tó gbẹ, ó gbé e sí imú. Mo bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó jọ̀ọ́, kó má jẹ́ kí Priscilla pè é lónìí.

"Bí èyí bá mú," ó bi í, "ọdún mélòó ni yóò gbà kó tó tan?"

"Ọdún mẹ́ta, Bàbá. Ó lè tó mẹ́rin."

"Mẹ́rin." Ó ń ṣírò rẹ̀ lábẹ́ ahọ́n bí ẹni tó ń ṣe ìṣirò fún ọmọ kíláàsì kejì. "Ìwọ yóò ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà. Lois, fi ọmọ yìí sílẹ̀, ibí yìí ni yóò wà. N kò lè dá nìkan dúró de nǹkan fún ọdún mẹ́rin."

Lois kò jiyàn. Ó fa Tóyìn mọ́ra láti ibi tó jókòó sí, ó ń sọ nǹkan sí i létí tí n kò gbọ́. Sajẹ́ńtì pa ìwé rẹ̀ dé, ó bi mí bóyá kí òun wá mú èmi lọ dípò. Mo ní bó bá lè gbé mi dìde nílẹ̀, kó máa mú mi lọ.

Ìgbà yẹn ni Bàbá yí ojú tí wọ́n fi aṣọ dì sí ọ̀gangan ibi tí mo kúnlẹ̀ sí gan-an, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú èyí tí n kò rí lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún márùn-ún.

"Asiata," ó ní, "ọ̀sẹ̀ tí Priscilla máa kú, ó pè mí sún mọ́ra. Ó ní, 'Theo, gbogbo ohun tí Asiata bá fẹ́ nínú ilé yìí, fún un. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kó gbé omi dé ìdí òdòdó mi.' Mo rò pé àìsàn ló ń sọ ọ́. Ìwọ rò pé àìsàn ni?"